Ẹ̀rí Àwọn Tí Ojú Wọn Ń Ríran

                                                  Ilé Oyèlẹ́yẹ,
                                                  Ẹ̀yìn Ọjà,
                                                  Adja-Ouèrè, Benin.
                                                  Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹrin, 2025.

Àsíátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà ní Libreville? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọn kò tíì gbàgbé Yorùbá pátápátá? Ṣé ara le, ṣé ọjà ń yá? Gbogbo wa níhìn-ín wà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo Ikpinlè ló ń gbin àgbàdo, ẹrẹ̀ ọ̀nà ibẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba bàtà mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo mọ̀ pé ara rẹ kò balẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ Màríámù àbúrò rẹ. Jókòó, kí o kà á tán.

Ohun tí o gbọ́ lórí fóònù kì í ṣe irọ́. Àwọn ará ilé Hàkímù dá ìgbéyàwó òun àti Màríámù dúró lóòótọ́. O mọ̀ pé èmi ni mò ń ṣe ìṣirò fún àwọn dókítà tó ń wá ìdí àìsàn ojú tí ń jí ìríran gbé díẹ̀díẹ̀ láìdunni, irú èyí tó mú bàbá yín. Ó máa ń rìn nínú ẹbí. Ìjogúnbá kéékèèké inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní jíìnì ni a ń yẹ̀ wò. A ó gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, a ó gba ti ẹni tí ojú rẹ̀ dára. Bí àmì kan bá pọ̀ lára aláìsàn ju ti ìkejì lọ, a ó fura sí i. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀ǹpútà máa ń gbóná kó tó parí.

Wàhálà wá ni pé àwọn èèyàn wa ní Kpoulou kì í yọjú sọ́dọ̀ dókítà bí ara wọn bá le. Wọ́n ní ẹni tí kò ṣàìsàn tó lọ na apá fún abẹ́rẹ́, àìsàn ló ń ránṣẹ́ pè. Àwọn aláìsàn wá, àwọn yòókù jókòó sílé. Ni Gildas, ọ̀gá wa, bá lọ gba ẹ̀jẹ̀ àwọn oníṣòwò Gun àti Fon, tí wọn kì í ṣe ẹ̀yà wa, tí ojú wọn dára lọ́jà Ikpinlè, ó ní ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń jẹ́. Ìṣirò gbé àmì kan jáde tó pọ̀ lára àwọn aláìsàn Kpoulou, bàbá yín sì wà lára wọn. Kí a tó mọ̀, ẹnì kan ti sọ ọ́ síta pé àmì ìfọ́jú wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé yín. Ìyá Hàkímù gbọ́, ó ní òun kò rán ọmọ òun lọ gbé ìfọ́jú wọlé. Màríámù sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Inú bí mi, Àsíátù! Inú bí mi gan-an.

Mo tún ìṣirò náà wò. Àmì kan ṣoṣo kọ́ ló yàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì. Àìmọye ló yàtọ̀, títí kan èyí tí kò bá ojú tan rárá. Háà! Mo ní kì í ṣe àìsàn là ń wọ̀n yìí, ibi tí èèyàn ti wá ni. Gildas rojú, ó ní iṣẹ́ ti parí. Mo ní kó gbé e jáde láìsí orúkọ mi. Ó wá ní kí n lọ wá ẹni tí ojú rẹ̀ dára ní Kpoulou, bí mo bá lè rí.

Ó rò pé n kò ní rí. Ṣé ó mọ̀ mí ni? Ọ̀dọ̀ Bàbá Fáṣèyí, ẹ̀gbọ́n bàbá yín, ni mo gbà lọ tààrà. Bí wọ́n ṣe dàgbà tó yẹn, láti ìdí ọ̀pẹ ni wọ́n ti ń mọ ẹyìn tó pọ́n. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, àwọn tí ojú wọn bàjẹ́ ti jẹ́rìí tán. Ẹ̀yin tí ojú yín ń ríran ni ẹ kò jẹ́rìí, ìyẹn ni wọ́n fi dá ìdílé lẹ́bi." Wọ́n bi mí bóyá ẹ̀jẹ̀ àwọn ni yóò gba ọmọ àbúrò àwọn sílẹ̀. Mo ní n kò lè búra, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú. Wọ́n dìde, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Kò pẹ́ tí àwọn arúgbó láti Kpoulou dé Massè fi tò sẹ́yìn wọn. Dókítà kọ́kọ́ yẹ ojú oníkálukú wò. Mo tún ìṣirò ṣe: bí àmì yẹn ṣe pọ̀ lára aláìsàn ló ṣe pọ̀ lára àwọn tí ojú wọn dára. Ó wà lára Bàbá Fáṣèyí. Ó wà lára èmi náà! Àmì ọmọ ilẹ̀ wa ni, kì í ṣe àmì ìfọ́jú. Gildas fúnra rẹ̀ gun alùpùpù lọ tọrọ àforíjì nílé yín, ó sì ṣàlàyé fún àwọn ará ilé Hàkímù.

Wọ́n ránṣẹ́ pé kí ìgbéyàwó máa lọ. Màríámù tí gbogbo wa rò pé kò lẹ́nu ní òun gbà, ṣùgbọ́n kí àwọn náà kọ́kọ́ wá yẹ ojú wò, nítorí dókítà ti yẹ tòun, ó sì dára. Wọ́n bínú, wọ́n wá. Ojú Hàkímù dára. Ti ìyá rẹ̀ ni dókítà wò pẹ́. Àìsàn náà ti wọ ibẹ̀, ìyá kò sì mọ̀. Ọpẹ́ ni pé ó tètè hàn. Oògùn kíkán lè má jẹ́ kó burú sí i.

A kò tíì rí jíìnì tí à ń wá, a ó rí i. Àmọ́ gbọ́ mi dáadáa: àmì yẹn ni mo wẹ̀ mọ́, n kò wẹ àìsàn kúrò nínú ẹbí. Ọmọ bàbá yín ni ìwọ náà. Lọ yẹ ojú rẹ wò lọ́sẹ̀ yìí, má ṣe sọ fún mi pé ọjà kò jẹ́.

Bá mi kí ọkọ rẹ, fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu. Bàbá yín ń kí ọ, Bàbá Fáṣèyí náà ń kí ọ. Màríámù ì bá fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un, ṣùgbọ́n kò sí nílé. Ó ti lọ kán oògùn sí ìyá ọkọ rẹ̀ lójú.

                                                  Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ alágídí,
                                                  Fàdílátù.