Àgbá Ìwúkàrà Tí Ẹ Ní Kí Wọ́n Fọ̀

Ojúlé Kọkànlá,
Òpópónà Ìjọ Onítẹ̀bọmi,
Ìwó, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
9 Oṣù Kẹfà, 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Ìpoògùn,
Òṣogbo.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÒṢÌṢẸ́ YÍN LÓ NÍ KÍ WỌ́N PA ÌWÚKÀRÀ WA, Ẹ̀YIN LẸ TI ILẸ̀KÙN WA

Ẹ ní ẹ ò bá nǹkan kan nínú àgbá wa. Báwo lẹ ṣe máa bá nǹkan níbẹ̀? Ọ̀gbẹ́ni Oyèdàmọ́lá tí ẹ rán ṣáájú ló ní kí wọ́n dà á nù.

Gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ làwa elégbòogi Ìwó fi ń ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tó bá sì hú gbòǹgbò ti pa igi nìyẹn. Láti ìhín dé Kuta, ẹ máa wá a kí ẹ tó rí ọ̀kan. Ìdí nìyí tí Dókítà Ọlábánjí, ọmọ ìlú wa tó ń ṣèwádìí egbòogi, fi gbé ìwúkàrà kan wá, ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tín bí èyí tó ń mú búrẹ́dì wú, èyí tí wọ́n ti fi àbùdá igi náà sí lára. A ń fún un ní omi ṣúgà nínú àgbá, ó ń pọn oògùn jáde bí ẹni ń pọn ọtí. Kò sí igi tó kú. A ṣì ń dán an wò ni, a ò tíì fún ẹnikẹ́ni lò.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀ ń bọ̀, mo wà ní oríta, mò ń dúró dè yín. Ọ̀gbẹ́ni Oyèdàmọ́lá wọ ilé iṣẹ́ wa, ó fi áńkáṣíìfù bo imú. Màmá Mùrí tó ń bá wa tọ́jú ilé bẹ̀ ẹ́ pé bó ṣe ń rùn nìyẹn, bí omi ògì tó kan. Ó ní, "Màmá, alága ń bọ̀ lọ́nà. Ṣé irú òórùn báyìí lẹ fẹ́ fi pàdé wọn? Ẹ dà á nù, kẹ́ ẹ fọ àgbá yẹn."

Ẹni tí wọ́n tọ́ pé àlejò ò gbọdọ̀ bá ilé lẹ́gbin, kí ló máa ṣe? Màmá da Ísáàlì, oògùn apakòkòrò, sí ìwúkàrà náà, ó dà á sí gọ́tà, ó fọ àgbá mọ́ tónítóní, ó tún gbé òdòdó oníke lé e lórí.

Ẹ dé, ẹ yin ìmọ́tótó wa. Lẹ́yìn náà lẹ ní kò sí ẹ̀rí pé a ń ṣiṣẹ́, lẹ bá fi àgádágodo sílẹ̀kùn. Mi ò bá Màmá Mùrí wí o. Ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

Ní báyìí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ti tún gbé ọkọ́ wọ igbó Olúpọ̀nnà, ìwọ̀nba igi tó kù níbẹ̀ ni wọ́n ń hú. Mi ò lè dá wọn dúró, torí aláìsàn ń retí oògùn. Ìwúkàrà mìíràn wà lọ́wọ́ Dókítà, àmọ́ wọn ò lè gbé e wá sílé tí ìjọba tì.

Mo dúpẹ́ pé ẹ kà á dópin. Ẹ ní kí Ọ̀gbẹ́ni Oyèdàmọ́lá fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe. Kẹ́ ẹ sì sọ fún mi: ọjọ́ wo lẹ̀ ń bọ̀ wá ṣílẹ̀kùn, kí igi tó tán? Ẹ dá mi lóhùn.

Èmi ni, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,
Rìnsọ́lá Ògúnbáyọ̀ (Ìyáàfin),
Akọ̀wé, Ẹgbẹ́ Elégbòogi Ìwó.