Wọ́n Ní Ìpá Ni, Ọkọ Mi Sì Gbà Wọ́n Gbọ́

Mò ń purọ́ fún ọkọ mi, ẹ̀yin ará, ó sì ti sú mi. Kábà níbí la wà, pákó ló ń là, Bùnù lọ́hùn-ún ló ti ń gé igi. Nǹkan kan wú sí i lábẹ́ ikùn, níbi tí itan ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ayé ní ìpá ni, pé igi wúwo ló fà á. Dókítà fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, òun náà ní ìpá ni, iṣẹ́ abẹ kékeré ni, kò ní pẹ́... Kò ní pẹ́ kẹ̀? Àárọ̀ ni wọ́n gbé e wọlé, oòrùn ti ń wọ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde! Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe ìpá nìyẹn?

Láti ìgbà náà lara ti ń fu mí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àti dókítà á máa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wọ́ọ̀dù, bí mo bá ti yọ, wọ́n á dákẹ́. Ìyá ọkọ mi ò jẹ́ kí n se oúnjẹ fún ọmọ rẹ̀ mọ́, láti Ayétòrò, ìlú tó ń gbé, ló ti ń gbé oúnjẹ wá. Àbí wọ́n ń wá ìyàwó mìíràn fún un ni? Àbí wọ́n rò pé mo fi nǹkan sọ́bẹ̀? Mo dá ẹ̀gbọ́n náà dúró lọ́nà oko, mo ní kò ní kọjá àfi tó bá sọ òótọ́. Ó ní, "Ìyàwó, kì í ṣe ìfun tó yọ bíi ti ìpá ni wọ́n bá níbẹ̀. Kókó ẹran ni, inú ikùn ló ti hù wá. Dókítà ò rí irú ẹ̀ rí. Wọ́n gé e, ṣùgbọ́n ó lè padà. Má sọ fún un o, ẹ̀rù á pa á."

Ìyá wọn ní kókó kì í dédé hù nínú èèyàn, pé ẹni tó ń bọ́ ọ ló mọ ohun tó fún un jẹ... èmi náà nìyẹn!

Ọkọ mi ti padà sídìí ayùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ fáráyé pé ìpá òun ti tán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mò ń fi òrí pa ojú ọgbẹ́ náà, ọwọ́ mi ba nǹkan líle, kò ju hóró ẹ̀pà lọ. Ó bi mí pé kí ló dé tí mo dúró. Mo ní kò sí nǹkan.

Bí mo bá sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ á ní báwo ni mo ṣe mọ ibi tó wà, ṣebí èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Bí mo bá dákẹ́ ńkọ́? Lọ́jọ́ Ajé ó tún ń lọ sí Bùnù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, ṣé kí n jẹ́ kó lọ? Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún?