Apá Tí A Yọ Nínú Iṣẹ́ Rẹ

Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ọdún mẹ́ta rèé tí o ti lọ. Ọmọbìnrin rẹ ti ga jù mí lọ, ẹnu rẹ̀ sì mú bíi tìrẹ. Màmá ṣì ń fi orúkọ rẹ pè mí kó tó rántí. Ọ́fíìsì wa, tí a ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ò tíì kú, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kó kú lọ́dún yìí.

Atúmọ̀ tí o kọ ló fà á, èyí tó ń sọ ohun tí a bá kọ di èdè kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára ló ń lò ó. Ẹ̀rọ wọn ń dá kú níbi ìdánwò, ọpẹ́lọpẹ́ pé kò tíì dé ilé ìwòsàn. Wọ́n ní tí a ò bá tètè tún un ṣe, àwọn ń lọ.

Ìyàwó rẹ tú u wò títí. Apá tó ń mú kí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yára ló bà jẹ́, èyí tí o kọ nígbà tí àìsàn ti dá ọ dùbúlẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó bá fẹ́ yà ṣe iṣẹ́ kékeré kan máa ń kọ ibi tó máa padà sí sílẹ̀. Apá tìrẹ yìí, nínú ìwàǹwára rẹ̀, á rò pé àyè tí a kọ ọ́ sí ti ṣófo, á sì kó nǹkan mìíràn lé e. Bí iṣẹ́ kékeré bá parí, kò mọ ọ̀nà ilé mọ́.

Kí ló ń jẹ́ kó rò bẹ́ẹ̀? A ò mọ̀. Tí ìyàwó rẹ bá fi ìlà kan kún un pé kó máa ròyìn ohun tó ń ṣe, gbogbo rẹ̀ á dáa. Tó bá yọ ìlà náà, wàhálà dé. Àfi bí ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná nílé, tó wá yá ní kété tó rí dókítà. Ẹnìkan ní ká kúkú fi ìlà náà sílẹ̀ ká tà á bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ kọ̀. Ó ní a kì í fi ẹ̀mí èèyàn ṣe bóyá-bóyá.

Ṣé àṣìṣe tìrẹ ni, àbí àwa ni ohun tí o kọ ò yé? Ta la máa bi?

La bá ní ká yọ apá náà kúrò pátápátá. Ìyàwó rẹ gbé ọwọ́ lé bọ́tìnì, kò lè tẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò lè fọwọ́ ara òun pa iṣẹ́ tí o ṣe kẹ́yìn rẹ́. Ó pe èmi tí iṣẹ́ mi ò ju kí n máa gbé tẹlifóònù lọ. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀rọ náà ń falẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n kò dá kú mọ́. Àwọn oníbàárà dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. A dá wọn lóhùn, a tilẹ̀kùn, a jókòó, a sunkún.

Má bínú sí wa, àbúrò mi. A nífẹ̀ẹ́ rẹ. Àárò rẹ ń sọ wá lójoojúmọ́, kò sì sí ohun tí a lè ṣe sí i.