Bàbá Mi Ń Pè Mí ní Dókítà

Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín o, mo kí gbogbo ẹni tó jókòó ti rédíò. Ẹ forí jì mí pé n kò kọ orúkọ mi.

Ọmọ oníṣòwò aṣọ ni mí ní àdúgbò Dar es Salam, níbí ní Niamey. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí másítà nínú ìmọ̀ ohun abẹ̀mí. Mo yege nínú gbogbo ìdánwò, mo sìn kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀wà nínú ìgò, mo fi wọ́n kọ ìwé ìwádìí. Lọ́jọ́ soutenance, mo gbèjà ìwé náà níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò sí ìbéèrè tí n kò dáhùn. Bí wọ́n ṣe kéde pé mo yege, bàbá mi dìde láàárín èrò: "Alihamudulilai, ọmọ mi ti di dókítà."

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn abiyamọ àdúgbò ń gbé ọmọ tó ń húkọ́ wá bá mi. Tí mo bá ní kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, bàbá mi á rẹ́rìn-ín, á ní mo kàn ń rẹ ara mi sílẹ̀ ni.

Ẹ̀yin olùgbọ́, báwo ni kí n ṣe sọ ọ́, tí n kò fi ní ba ayọ̀ rẹ̀ jẹ́, pé ẹ̀wà nìkan ni mo lè wò sàn? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbóhùn sókè dáadáa. Bàbá mi kì í fi ètò yín ṣeré.