Ìtọ̀ Ọkọ Mi, Orúkọ Tèmi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí.

Èmi àti ọkọ mi, awakọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, jọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀. Nọ́ọ̀sì ní purotéènì tó yẹ kí kíndìnrín dá dúró ń jò sínú ìtọ̀ mi. Ọkọ mi mi orí: "Ẹ̀yin obìnrin, ẹ kì í tọ́jú ara!"

Ilé la dé kó tó jẹ́wọ́ pé òun pààrọ̀ ike ìtọ̀ wa, kí ọ̀gá òun níbi iṣẹ́ má baà gbọ́ àìsàn òun, kó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ òun. "Ṣebí ara kan ni wá? Bá mi gba oògùn!"

Ẹ wo ìrẹ́jẹ! Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ mi. Olóòtú, ṣé kí n tú àṣírí rẹ̀, kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àbí kí n na apá, kí kíndìnrín tirẹ̀ máa kú lọ?