Ọwọ́ Màmá Létí Agbada Gààrí

Sosthène,

Mo ti fi ọ̀kadà zem gbé Màmá lọ sílé ìwòsàn. Bó ṣe ń yan gààrí láàárọ̀ yìí, ó gbé ọwọ́ òsì lé etí agbada gbígbóná, ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ. Èmi ni mo gbóòórùn ẹran tó ń jó! Kò mọ̀ ọ́n lára rárá.

Ọwọ́ tó ní abàwọ́n tí a pè ní làpálàpá náà ni, tó máa ń ta á bí iná, tí a ń fi àdín pa. Nọ́ọ̀sì tí mo pè lórí fóònù sọ pé àrùn kan náà ló ń ba awọ àti iṣan ìmọ̀lára rẹ̀ jẹ́.

Pa iná abẹ́ agbada.

Irú abàwọ́n yẹn wà ní ẹ̀yìn rẹ náà. Jẹ́ kí ìyàwó rẹ fi ìyẹ́ adìyẹ kàn án pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Bí o bá ṣì ń bi í pé ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ti ń fi í kàn án, máa bọ̀ nílé ìwòsàn kíákíá.

Angèle, ẹ̀gbọ́n rẹ