Àádùn Kọ́ Ló Gba Sìgá Lọ́wọ́ Mi

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín níbi tí mo wà ní Ìlódè, ilẹ̀ sì tutù gan-an ni, torí òjò Ifẹ̀ ò mọ ìgbà téèyàn ń kí ìyá ẹ̀. Mo kí Ẹ̀gbọ́n Ràfíátù. Mo kí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹnu wọn rẹ̀ wọ́n. Mo kí gbogbo agbo ilé wa ní Ìwó. Mo kí Ìyá Alágbo náà, mo lérò pé ẹran yẹn dà nínú wọn. Ọ̀rọ̀ tiwọn ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ má bínú pé orí rédíò ni mo ní kí wọ́n ti ka lẹ́tà yìí. Èyí tí mo fi rán dẹ́rẹ́bà sí yín lọ́dún tó kọjá, Ẹ̀gbọ́n Ràfíátù ló kà á fún yín, ibi tó wù wọ́n ni wọ́n sì kà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ara mi ò yá, wọ́n kà á pé ara mi le bí òkúta, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kẹ́ ẹ máa ronú. Rédíò ò mọ̀ yín, kò ní fo ìlà kankan. Ẹ sọ fún Ẹ̀gbọ́n kí wọ́n gbọ́wọ́ kúrò lára bọ́tìnnì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń bá mi kà á, ìwé kẹrin ni mo ti já kúrò nílé ìwé, ẹ bá mi fi àmì sórí ẹ̀, kẹ́ ẹ má fi kún ọ̀rọ̀.

Ìyá mi, inú ń bí mi sí yín. Mo ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ n wá sọ ìdí ẹ̀.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Táàsì ni mò ń wà, láti Ifẹ̀ sí Ẹdúnàbọ́n, láti Ẹdúnàbọ́n padà sí Ifẹ̀, lọ-bọ̀, lọ-bọ̀, bí aláǹgbá orí ògiri. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, mi ò mọ ẹnì kan. Mò ń dúró ní páàkì bí àpò sìmẹ́ǹtì tí wọ́n gbàgbé síta. Ó dọjọ́ kan, dẹ́rẹ́bà kan bi mí pé ṣé mo ní ìṣáná. Mo ní mo ní. Ó ní wá jókòó. Òun ló fún mi ní ọ̀pá sìgá àkọ́kọ́. Mo húkọ́ títí omi fi bọ́ lójú mi, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì. Bí mo ṣe di ọmọ páàkì nìyẹn. Sìgá ló mú mi mọ èèyàn ní Ifẹ̀.

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi mu ún, ọdún mẹ́tàdínlógún náà ni mo fi ń fi pa mọ́ fún yín. Tí mo bá ń bọ̀ ní Ìwó, màá dúró létí odò kan lójú ọ̀nà, màá fọ ẹnu, màá jẹ orógbó méjì, màá pààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì. Tí mo bá délé tó tún ń gùn mí, màá mú kọ́ìlì ẹ̀fọn wọ ṣáláńgá lọ, màá tan òun àti sìgá pọ̀. Ẹ bi mí nígbà kan pé irú ẹ̀fọn wo ló ń lé mi wọ ṣáláńgá lọ́sàn-án gangan. Mo ní ẹ̀fọn Ìwó ò mọ àsìkò. Ẹ ò rẹ́rìn-ín, ẹ kàn gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó yẹ kí n ti fura níbẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe fi í sílẹ̀, torí ẹ ò tíì gbọ́ ọ rí. Ẹ ò jẹ́ kí n sọ ọ́.

Nínú ààwẹ̀ tó kọjá yìí ni. Ẹni tó ń mu sìgá tó tún ń gbààwẹ̀, kì í ṣe oúnjẹ ló ń jẹ ẹ́ níyà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn èèyàn á mú dàbínù lọ́wọ́, wọ́n á máa retí ládàánì. Ọ̀pá sìgá ni èmi máa ń mú lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, bí ládàánì ṣe pèrun, mi ò mu omi, mi ò jẹ nǹkan kan, mo tanná sí i lẹ́yìn ọkọ̀ mi. Mo fà á lẹ́ẹ̀kan. Mo fà á lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, páàkì yí po, mo rí ọkọ̀ mi níbi tó yẹ kí ọ̀run wà. Mo ṣubú gbì.

Kẹ́ ẹ wá gbọ́ ariwo. Wọ́n ní ààwẹ̀ ló mú un o! Wọ́n ní ẹ wo ọmọ Ìwó, kò tiẹ̀ dúró kó gbomi! Alfa páàkì sáré dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúà lé mi lórí, wọ́n ní irú ẹni báyìí, tí ọlọ́jọ́ bá dé, àlùjánńà tààrà ni, wọn ò ní bi í ní nǹkan kan. Obìnrin kan ń sunkún, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹnì kan wá fẹ́ fi dàbínù sí mi lọ́wọ́, ó la ìka mi, ó bá ọ̀pá sìgá níbẹ̀ tó ń jó lọ ní tiẹ̀. Alfa ní ẹ dúró ná o, ẹ bá mi dá ọ̀gbẹ́ni yìí padà lẹ́nu ọ̀nà.

Títí dòní, Dàbínù Eléèéfín ni wọ́n ń pè mí ní páàkì.

Ṣùgbọ́n nílẹ̀ tí mo wà yẹn, mò ń gbọ́ gbogbo wọn. Ohun tó sì wá sí mi lọ́kàn ni pé tí mo bá kú báyìí, ẹ̀yin ni wọ́n máa pè, wọ́n á sì ní láti sọ fún yín pé sìgá lọmọ yín fi ṣínu. Mo dìde, mo da èyí tó kù nínú páálí sí gọ́tà. Mi ò tíì tanná sí òmíì láti ọjọ́ náà.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó rọrùn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí síárìn. Mo bú bàbá arúgbó kan torí pé ó béèrè ṣéńjì ẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo wakọ̀ kọjá Ẹdúnàbọ́n, mi ò mọ̀, àfìgbà tí èrò ẹ̀yìn figbe ta pé dẹ́rẹ́bà, ṣé o fẹ́ gbé wa lọ tà ni? Orín ni mò ń run. Mo run orín títí eyín mi fi mọ́ ju ìwà mi lọ. Èyí tó dùn mí jù ni àwọn tá a jọ ń mu ún. Wọn ò pè mí mọ́, wọ́n ní mo ti di Alfa. Tójò bá ń rọ̀, wọ́n á kó ara wọn jọ sábẹ́ páànù, lọ́dọ̀ Bàbá Onítáyà tó ń lẹ táyà fún wa, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Èmi á jókòó sínú ọkọ̀, màá yí gíláàsì sókè, torí tí òórùn yẹn bá dé imú mi, ẹsẹ̀ mi á fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ fúnra ẹ̀. Àwọn tí sìgá fún mi, sìgá gbà wọ́n padà.

Mo fara dà á. Mo ní tó bá di Iléyá, màá sọ fún ìyá mi. Ìyẹn ni mo gbé ojú lé.

Iléyá dé, mo ra àgbò, mo gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Mo kọjá létí odò yẹn, mi ò dúró. Kò sí orógbó, kò sí ṣẹ́ẹ̀tì míì. Lẹ́yìn tí wọ́n pa ẹran tán, mo jókòó sílẹ̀ níwájú yín, mo ní Màámi, ẹ má bínú, mo ti ń mu sìgá láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ẹ ò mọ̀, ṣùgbọ́n mo ti fi í sílẹ̀. Mò ń retí pé ẹ máa pariwo. Mò ń retí pé ẹ máa sunkún díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ kàn mí lórí.

Ẹ̀yin àti Ẹ̀gbọ́n Ràfíátù wojú ara yín, ẹ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ ní Alhamdulilahi, àádùn ti ṣiṣẹ́.

Mo ní àádùn wo? Ẹ̀gbọ́n wá ń ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọ kékeré, pé láti Iléyá èṣí lẹ ti ń gba àgúnmu lọ́wọ́ Ìyá Alágbo, pé inú àádùn tẹ́ ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sí mi lóṣooṣù lẹ̀ ń pò ó mọ́, kí sìgá lè kórìíra mi. Bàbá Kékeré ní ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ ni gbogbo ilé ti mọ̀. Wọ́n ní ẹni tí ẹnu ẹ̀ ń rùn fún orógbó tó báyìí, yálà ó ń jí sìgá mu, tàbí orí igi orógbó ló ń sùn. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìyàwó Bàbá Kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé náà rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀!

Ẹ wá gbé itan ọ̀tún, èyí tí mo ti ń fojú sí látìgbà tí wọ́n ti ń bó àgbò, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ ní kí wọ́n gbé e lọ fún Ìyá Alágbo, pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni. Àgbò tí mo rà. Sìgá tí mo fi sílẹ̀. Itan gba ilé ẹlòmíì lọ. Ìfun lẹ bù fún mi.

Mo jẹ ìfun, mo dúpẹ́, mo padà sí Ifẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbé fóònù yín látọjọ́ yẹn.

Kì í ṣe ẹran ló dùn mí o. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òun kọ́. Ẹ mọ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́ tó yẹn, ẹ ò bi mí léèrè. Ẹ̀ ń wò mí tí mò ń gbé kọ́ìlì wọ ṣáláńgá. Ṣé ẹ rántí pé tẹ́ ẹ bá ti fi àádùn ránṣẹ́, ẹ máa ń pè mí, ẹ máa ń ní ṣé ò ń jẹ ẹ́ tán? Mo rò pé ìfẹ́ ni. Mo máa ń sọ fún àwọn ará páàkì pé ẹ wo ìyá mi, títí dòní wọ́n ṣì ń bi mí bóyá mo yó. Àṣé ẹ̀ ń wo bí oògùn ṣe ń wọlé ni.

Èyí tó wá burú jù nìyí. Nígbà tí mo padà dé, mo gbà yín gbọ́. Mo ní bóyá lóòótọ́ ni, bóyá àgúnmu ló gbé mi ṣubú lọ́jọ́ ìṣínu, bóyá èmi ò ṣe nǹkan kan. Mo ní tí kì í bá ṣe èmi ni mo fi í sílẹ̀, kí ni mò ń ṣọ́? Ní ọjọ́ kẹta, lọ́sàn-án, òjò ń rọ̀, mo ra ọ̀pá kan. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo fi í sẹ́nu. Mi ò ní ìṣáná mọ́. Mo yí gíláàsì wálẹ̀, mo ní Bàbá Onítáyà, ẹ bá mi tanná sí i.

Bàbá Onítáyà dìde wá. Sìgá tiwọn ń jó ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan, ẹ̀kẹ́ kejì wú bọ̀ǹbọ̀. Wọ́n forí sí fèrèsé mi, èrúnrún pupa kan já bọ́ sí mi láyà. Wọ́n ní Dàbínù, bá mi kí màmá ẹ o, ti oṣù yìí dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ní láyé àwọn, àwọn ò mọ̀ pé sìgá lè dùn tó báyìí àfi látìgbà tí àwọn ti ń fi àádùn tì í.

Ìyá mi, ẹ dákun, ẹ jókòó. Mi ò jẹ àádùn yẹn rí.

Látìgbà tí wọ́n ti yọ eyín èrìgì mi kan lápá òsì, tí mo bá jẹ àádùn, inú ihò yẹn ló ń sá sí, màá sì máa fi ahọ́n wá a kiri di ọjọ́ kejì. Bó bá ti ń dé ni mò ń gbé e fún Bàbá Onítáyà. Odindi ọdún kan ni wọ́n fi jẹ gbogbo ẹ̀, wọ́n ń lá ewé ẹ̀. Ọ̀pá mẹ́wàá ni wọ́n ń mu lójúmọ́ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, páálí kan ò tó wọn.

Mo rẹ́rìn-ín títí Bàbá fi bi mí pé ta ló kú. Mo yọ sìgá lẹ́nu, mo kó o lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n fi í há etí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Ìwó tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ mi, tí mo gbọ́ pé ẹ ti ń tò síwájú Ìyá Alágbo torí ọ̀rọ̀ tèmi, ẹ padà sílé. Ìyá Alágbo, mi ò ní kẹ́ ẹ pọ itan yẹn jáde o, ẹ ṣáà má fi orúkọ mi polówó mọ́.

Ìyá mi, mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ yín náà. Ọwọ́ yín lẹ fi gún àgbàdo yẹn, ẹ sì lọ́wọ́ ríro, èmi wá ń purọ́ lórí fóònù pé ó dùn. Ẹ dárí jì mí. Èmi náà á gbìyànjú láti dárí jì yín, kò tíì rọ̀ mí tán ni. Ẹ bá mi gún òmíràn. Àgbàdo, epo, iyọ̀ àti ata nìkan ni kẹ́ ẹ fi sí i. Èmi fúnra mi ni màá wá gbà á, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni màá sì fi jẹ ẹ́, níṣojú yín. Tí mo bá dé, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ kàn bi mí pé báwo ni mo ṣe ṣe é. Èmi ni mo ṣe é, Màámi, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ bi mí.

Kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí yín gùn, kó má jẹ́ kí ojú yín rí ohun tí ọwọ́ yín ò ní ká. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àtẹni tó rẹ́rìn-ín àtẹni tó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Èmi ni ọmọ yín tí sìgá kúrò lẹ́nu ẹ̀,
Múkáílà, ní Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀.